Bí Mo Ṣe Dúró sí Oríta Mọ́kànlá Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá ìtàn òmùgọ̀, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Mi ò ní í na ìka sí ẹlòmíì. Èmi alára ni òmùgọ̀ ọ̀hún, mo sì mọ ìtàn náà látòkè délẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ tí ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ omi. Igbákejì ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí mo wọlé, igbákejì ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí náà ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Páìpù ni mò ń tọ́jú. Páìpù kì í kí èèyàn, páìpù kì í dìde fún èèyàn. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí orí mi wú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ìjọba ìlú wa ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá ṣe alága Ìgbìmọ̀ Aráàlú Tí Ń Mójú Tó Kámẹ́rà Ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín, torí èmi gan-an ò tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn ọlọ́pàá ra kámẹ́rà mọ́kànlá, wọ́n gbé wọn kọ́ sí oríta mọ́kànlá. Àwọn kámẹ́rà yìí kì í kàn wo èèyàn lásán, wọ́n ń dá ojú èèyàn mọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá á ní lágbájá ló dúró síbí, láti aago báyìí títí di aago báyìí. Àwọn aráàlú fárígá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba ìlú pa á láṣẹ pé kí ọlọ́pàá máa lo ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n kí èèyàn méje láàárín aráàlú máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọlọ́pàá á gbé ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú nítorí ohun tí kámẹ́rà rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ á ṣí ìwé, wọ́n á béèrè pé: yàtọ̀ sí ẹ̀rọ yìí, ta ló tún rí i? Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ò ní fọwọ́ sí i, wọ́n á sì tú onítọ̀hún sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn látìmọ́lé.

Iṣẹ́ náà ò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá lè ṣí ìwé, tó sì ní ẹnu, ó lè ṣe é. Ẹnu nìkan ni èmi gbé wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí jẹ alága, mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé mò ń ba ara mi lórúkọ jẹ́ lásán.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe èèyàn mi o, àwọn tó fẹ́ tètè lọ sílé ni wọ́n. "Ọlọ́pàá ń ṣọ́ olè! Èmi ń ṣọ́ ọlọ́pàá! Ta wá ló ń ṣọ́ èmi?" Mo dákẹ́ díẹ̀ kí ìbéèrè náà lè wọ̀ wọ́n lára. "Kò sí! Kò sí, nítorí ibi tí mo ga dé, ọrùn á ro ẹni tó bá gbójú sókè wò mí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi, torí mi ò rò pé ó yẹ kí n dá irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ dá wọn. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó ní láti òní lọ, Alága lásán kọ́ ni a ó máa pè mí. Alága Àgbà, Ojú Tí Kì Í Sùn, Olùṣọ́ Àwọn Olùṣọ́. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo kọ oyè náà sílẹ̀, mo sì há a sórí bí ọmọ iléèwé.

Bí a ṣe ń ṣe ìpàdé nìyí. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wa nínú gbọ̀ngàn, torí àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà máa ń lò ó tẹ̀ lé wa. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ á wọlé níkọ̀ọ̀kan, oníkálùkù á pe oyè mi tán kó tó jókòó. Tí ẹnì kan bá gbàgbé Ojú Tí Kì Í Sùn, á padà lọ sẹ́nu ọ̀nà, á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èmi á sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Akọ̀wé á dìde dúpẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Èmi á dáhùn sí ọpẹ́ Akọ̀wé. Ìgbà tí a bá fi dé orí ìwé ọlọ́pàá, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti ń yọjú lójú fèrèsé, a ò sì ráyè ju pé ká fọwọ́ sí i lọ.

Apòògùn kan wà nínú wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ní ìpàdé kẹta, ó ní, "Alága, ṣé a ò wá ní ṣí ìwé yìí ká wo inú ẹ̀ ni?"

Mo wò ó tàánú-tàánú. Mo ní, "Ọmọ mi, ìwé tí o bá ṣí, o ti fura sí ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn. Àwa ò fẹ́ bá ọlọ́pàá jà." Mo sọ ọ́ di Ìpinnu Kẹrin: ìwé pípadé ni ìgbìmọ̀ yóò máa fọwọ́ sí, lórí èèpo, nítorí iyì. Inú ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá dùn débi pé ó gbé àga kan ta mí lọ́rẹ, àga aláwọ tó ń yí po, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí mi lọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ló fún mi ní ibi tí mo jókòó sí, kò sì yà mí lẹ́nu rárá.

Àga yẹn ló kó sí mi lórí. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán mi, kí ó ga bí èmi fúnra mi, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kí wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí gbogbo oríta tí kámẹ́rà bá wà. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà pé: KÁMẸ́RÀ KÌ Í PARỌ́. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn. Mo máa ń gba ọ̀nà tí kò yẹ kí n gbà lọ sílé kí n lè wo ara mi.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan pé olè wọ ilé ìtajà tẹlifísọ̀n kan ní oríta kẹta, láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Kámẹ́rà ní òun rí i tó dúró sí òdì-kejì ilé ìtajà náà fún odidi wákàtí mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé, ìwé dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ karùn-ún, mo fọwọ́ sí èèpo rẹ̀, mo tún tú bíírò mi yẹ̀ wò bóyá yíǹkì rẹ̀ ṣì pọ̀.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aránṣọ ni, okùn òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ.

"Ẹ káàsán, sà."

Mo ní, "Ìyá, a kì í kí mi báyẹn. Oyè mi ń kọ́?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi pè é díẹ̀díẹ̀, n ó máa tẹ̀ lé yín." Mo pè é díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá rántí èyí báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ó wá ṣàlàyé. Òdì-kejì ilé ìtajà yẹn, ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò ni. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé níbẹ̀, ó ga bí ilẹ̀kùn, láti ọjọ́ tó parí iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ayafọ́tò fẹ́ràn fọ́tò náà, ó ń fi í fa oníbàárà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á tan iná sí i.

"Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó wọ̀ lọ́jọ́ tí olè wá, sà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán an. Ó ti sanra báyìí, bọ́tìnnì ẹ̀ ò pàdé mọ́. Fọ́tò ni ẹ̀rọ yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n ní àfi kí ẹ̀yin sọ ọ́."

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà látìmọ́lé. Mo na ìka sókè. Mo ní, "Ìyá, kámẹ́rà kì í parọ́. Èèyàn ló ń parọ́. Ẹ̀rọ ò ní ọmọ, ẹ̀rọ ò ní ẹbí, ta ló fẹ́ parọ́ fún?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún un sọ.

Ìyàwó mi ń to abọ́ nínú ilé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọjú. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kúkú dìde kí ẹ lọ wo fèrèsé náà. Kò jìnnà."

Mo ní ẹni tó wà nípò mi kì í rìn kiri wo fèrèsé. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni láti ilé mi. Mo ti wọ̀n ọ́n láti ìgbà náà, àìmọye ìgbà. Aránṣọ ní ó dàbọ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé padà wá, mo sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì ní pípadé.

Ẹni tó sọ fún obìnrin náà pé òfin gbà á láyè kí wọ́n ka ojú ìwé ọmọ rẹ̀ síta níwájú gbogbo aráàlú, Apòògùn ni. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù bà mí? Rárá o. Inú mi dùn! Gbogbo ìlú ń bọ̀ wá gbọ́ mi! Mo tún ní ìdí mìíràn: lẹ́tà kan wà lápò mi láti olú-ìlú, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mí ṣe alága gbogbo irú ìgbìmọ̀ yìí pátá ní gbogbo ìlú. Alága Àwọn Alága. Mo ti ń rò ó bí oyè náà á ṣe gùn tó.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún tí ọmọ náà ti wà látìmọ́lé. Mo sọ̀rọ̀ ìkíni fún ogójì ìṣẹ́jú, mo wá fi ọwọ́ lé àyà, mo ní, "Akọ̀wé, ṣí ìwé!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa ṣí i nìyẹn. Ojú ìwé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ń dún pàrà bó ṣe ń ya wọ́n.

Akọ̀wé kà á: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, oríta kẹta. Àwọn tí ẹ̀rọ dá mọ̀. Èkíní, atún-fíríìjì-ṣe. Wákàtí mẹ́ta. Kò mira."

Mo pariwo, "Ẹ gbọ́? Kò mira! Ta ló ń dúró fún wákàtí mẹ́ta láìmira, bí kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́nà fún olè?"

Akọ̀wé wúkọ́. "Ó ku ọ̀kan, sà."

"Kà á kí ayé gbọ́!"

"Èkejì, Alága Àgbà, Ojú Tí Kì Í Sùn, Olùṣọ́ Àwọn Olùṣọ́. Wákàtí mẹ́ta. Kò mira."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Apòògùn ní kí Akọ̀wé ka oríta tó kù. Ó kà á. Oríta kìíní, Alága, wákàtí mẹ́ta. Oríta kejì, Alága. Oríta kẹfà, iwájú hòtẹ́ẹ̀lì, Alága, kò mira. Oríta mọ́kànlá, ní wákàtí kan náà. Àwọn èèyàn ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, ẹnì kan ń pariwo pé, "Ní hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀!"

Ẹ dákẹ́ kí n sọ èyí fún yín, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kí n kàn ní, "Àwòrán mi ni," wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ ọlọ́mọ á sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá lè fi pákó pe èèyàn, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ àwòrán mi di irọ́ nìyẹn, lẹ́tà tó wà lápò mi sì di bébà lásán. Mo wo ìyá náà. Mo fọwọ́ kan lẹ́tà náà lápò.

Mo dìde, mo ní, "Mo wà níbẹ̀!"

Mo na ọwọ́ méjèèjì síta.

"Mo dúró ní oríta mọ́kànlá! Iṣẹ́ ìlú ló gbé mi! Ẹni tí ìfẹ́ ìlú bá ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀!"

Akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan, alágbàtà ilé, fò dìde, ó ní, "Èmi gan-an rí wọn ní oríta kẹfà! Mo kí wọn, wọn ò dáhùn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe!" Ó dá mi lójú pé òótọ́ ni ó kí pákó náà. Irú èèyàn tí mo kó jọ sọ́dọ̀ mi nìyẹn, bí ara mi ṣe rí náà nìyẹn.

Aránṣọ dìde. Kò bínú, kò pariwo. Ó bi mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ dúró ní oríta kẹta fún wákàtí mẹ́ta, sà, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọmọ mi dojú kọra yín. Ṣé ẹ rí i?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Tí mo bá ní n kò rí i, ẹ̀rọ parọ́. Tí mo bá ní mo rí i, mo di ẹlẹ́rìí, ẹ̀wọ̀n ló kàn fún ọmọ náà. Ọ̀nà méjì náà ló là síwájú mi gbọnrangandan, ẹnikẹ́ni ò tì mí.

Mo ní, "Mo rí i."

Ẹ ò ní láti dárí jì mí. Ọmọ tí mi ò rí rí láyé mi, mo ní mo rí i.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ tó ìṣẹ́jú kan, torí òtítọ́ jókòó sí ìlà kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ìyàwó mi dìde.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, láti aago mẹ́fà ààbọ̀, ilé lẹ wà. Ẹsẹ̀ yín wà nínú bàsíà omi gbígbóná. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín nítorí ọ̀rọ̀ ìkíni tẹ́ ẹ dúró sọ. Èmi ni mò ń fi aṣọ ra á. Ẹ sùn lọ lórí àga, èmi náà ni mo yọ ẹsẹ̀ yín kúrò nínú omi, tí mo nù ún."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Màmá, ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wá ńkọ́?"

"Ì bá sàn kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì," ìyàwó mi dá a lóhùn, "apá ì bá má ro mí." Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wò mí. "Ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀ yẹn. Mo bá yín jẹ ìyà, mo bá yín jẹ iyì, mi ò lè bá yín jẹ èyí."

Ó jókòó. Mo fẹ́ dìde kí n jáde bí ẹni iyì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ ti apá àga ọlọ́pàá, ó yí mi po, ó kọjú mi sí ògiri. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń gbọ́ ohùn Apòògùn lẹ́yìn mi pé kí ẹni tó bá ní kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀ nawọ́. Wọ́n ní ti Akọ̀wé ló kọ́kọ́ dókè. Alágbàtà ilé náà nawọ́. Lẹ́yìn èyí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ alága nawọ́, àwọn ọwọ́ náà ò tilẹ̀ tíì wálẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde ní tirẹ̀.

Pósítà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí báyìí. Mo ń dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ àárọ̀. Ó kàn gbé bàtà mi síwájú ilẹ̀kùn, ó kọjú rẹ̀ síta. Mo lọ sí ẹnu géètì àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sí bébà mẹ́rin, tojú-tẹ̀yìn. Aránṣọ ti dúró síbẹ̀ ṣáájú mi. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, sà. Ọmọ mi ń bọ̀."

Mo dákẹ́. Ọmọ náà jáde, ó ń ṣẹ́jú sí oòrùn, ó ti rù, ìgò omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ pa á léjìká, bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó rí mi.

"Màámi, ta ni bàbá yìí?"

 Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún mi. Mo wo bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan tó wúlò níbẹ̀.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i kí wọ́n tì ẹ́ mọ́lé," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò ṣí ìwé náà wò. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá mo rí ẹ níbi tí olè ti jà, mo ní mo rí ẹ."

 Mo ń retí èébú, ì bá tiẹ̀ gbá mi létí, ǹ bá dúró gbà á. Ṣùgbọ́n aránṣọ ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó kọ́ ọ. Ó tẹ orí rẹ̀ ba fún mi, nítorí mo dàgbà jù ú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní, ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń lọ.